Póǹtì Márùn-ún fún Uncle Lásún

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì mọ̀ ọ́n kọ́. Mi ò ní í fi ìrẹ̀lẹ̀ èké bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Bí mo bá ti wọ kíláàsì, ariwo á rọlẹ̀, àwọn òbí á sì máa kí mi lọ́nà ọjà bí ẹni pé ọwọ́ mi ni ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ wọn wà. Nígbà tí mo dé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, kò pẹ́ tí mo fi ń ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn káàkiri ilé ìwòsàn ńlá kan ní Camberwell, tí ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tí mo kọ́ sì ń pe orúkọ mi ṣákálá, láìfi nǹkan kan ṣíwájú rẹ̀.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ ni pé mo lè kí ènìyàn mẹ́sàn-án ní ibùdókọ̀ láàárọ̀ kí ẹnì kankan má dáhùn. Ẹnì kẹwàá tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo jáwọ́ nínú kíkí ènìyàn, ó sì dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ.

Ìdí iṣu ni mo ti pàdé Uncle Lásún. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Rye Lane, mò ń ná iṣu lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí kò mọ̀ pé ènìyàn máa ń ná iṣu. Ó ń tọ́ka sí iye tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀, èmi náà ń tọ́ka sí ibi tí iṣu ti rà. Mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi.

"Ìjẹ̀bú ni ẹ́," ni ẹni náà wí. "Kò tún sí ẹlòmíì tó máa ná ohun tí price ti wà lára ẹ̀."

Mo yíjú, mo rí àgbàlagbà kan tó ga, tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Àyà mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà kí n tó rántí ibi tí mo wà. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n ní kí n rọra, pé wọn ò tí ì fọ ilẹ̀ yẹn láti Krismasi.

Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wà nígbà náà. Wọ́n béèrè ibi tí mò ń sùn, mo sọ ọ́, wọ́n mi orí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo ti wà nínú pálọ̀ wọn, ìyàwó wọn, Aunty Bísí, sì ti gbé ẹ̀bà síwájú mi. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo lò níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n sọ fún mi pé ilé ìwòsàn ń wá òṣìṣẹ́, àwọn náà ni wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa jókòó níwájú àwọn tó ń gbani síṣẹ́ láìtẹríba jù. Ní Sátidé àkọ́kọ́, wọ́n mú mi lọ sí pápá.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé pápá yìí dáadáa, torí pé orí rẹ̀ ni mo ti di ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àwa ọkùnrin Yorùbá tó ń gbé apá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù la ní líìgì kékeré kan, team mẹ́rin: Peckham, Camberwell, Kennington àti Brixton. Àárọ̀ Sátidé la máa ń gbá a, torí pé ìdajì wa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní láyé àtijọ́, Kennington ló máa ń kó gbogbo ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jọ, torí pé ọ̀gá wọn ní ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ tó ń gbé wọn bọ̀. Wọ́n ń na àwọn yòókù ní ànàbolẹ̀ títí àwọn ènìyàn ò fi fẹ́ wá mọ́. Ìgbà yẹn ni Alhaji, akọ̀wé líìgì wa, jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá. Bọ́ọ̀lù náà kò yé Alhaji, ṣùgbọ́n ètò rẹ̀ yé wọn. Wọ́n ní ní ọ̀hún, iye kan wà tí team kankan ò gbọdọ̀ kọjá lórí owó àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Team tó bá gbẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ yan nínú àwọn tuntun. Ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní ọdún tí àdéhùn rẹ̀ máa parí.

"Tí àwọn yẹn bá lè ṣe é," Alhaji ní, "àwa náà lè ṣe é."

Tiwa ò ní owó nínú, póǹtì la ń lò. Ọgọ́rùn-ún póǹtì ni team kọ̀ọ̀kan ní, kò sì gbọdọ̀ fi ẹyọ kan lé e. Ogún póǹtì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bá yàn nínú àwọn tuntun. Ẹni tó bá sì pẹ́ nínú team, wọ́n á máa fi ọ̀kan kún tiẹ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n lè mọ rírì rẹ̀. Ẹni tí àdéhùn rẹ̀ bá parí lè gbà kí wọ́n dín póǹtì òun kù, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú Alhaji. Tí kò bá gbà, ó di orí àtẹ nìyẹn, kí àwọn team mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá ná an. Bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe ń pè é, orí àtẹ, a sì máa ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀.

Èmi ò mọ bọ́ọ̀lù gbá rárá. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì, òsì ni. Ṣùgbọ́n mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú ìwé àti bírò, mo ń kọ ohun tí mo rí, lọ́dún kejì mo sọ fún àwọn Peckham pé wọn ò mọ ìṣirò. Mo fi han wọ́n pé àwọn tó gba póǹtì tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa kọ́ ni wọ́n ń gbá góòlù wọlé, pé iṣẹ́ àná là ń fi póǹtì òní san. Inú bí àwọn kan. Uncle Lásún ni wọ́n dìde tí wọ́n ní, "Ẹ fi bọ̀bọ́ yìí ṣe manager." Bí mo ṣe di mánéjà nìyẹn.

Mo máa ń ronú lórí ọ̀rọ̀ póǹtì yìí bí mo bá ń ti bẹ́ẹ̀dì lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn. Ní Ìjẹ̀bú, gbogbo ọdún tí mo ti lò ló wà lára mi, ẹni tó bá rí mi rí i. Níbí, ọjọ́ tí mo dé ni kíkà mi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó fi ọ̀kan kún tèmi nítorí ọdún mẹ́rìnlá. Ó bí mi nínú fún oṣù díẹ̀. Nígbà tó yá, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ẹ ó rí i. Kí ọdún kan tó pé, mo ti mọ ilé ìwòsàn náà débi pé mo ya àwọn ọ̀nà rẹ̀ sórí pépà fún àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, èyí tó yá jù láti wọ́ọ̀dù dé ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò egungun. Ọ̀gá wa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Màámi, wọ́n sì pè mí padà.

"Ṣé o ti tún di tíṣà ni?"

"Ó ku díẹ̀, Màámi," ni mo wí, a sì rẹ́rìn-ín.

Ní sáà tó kọjá, Peckham gbẹ́yìn. Àwa la máa kọ́kọ́ yan nìyẹn, ẹni tí gbogbo ènìyàn sì ń wò ni Dàpọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan. Mo ti wò ó gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ yẹn ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Mo jókòó ti ìwé mi. Gbogbo àwọn yòókù nínú team jẹ́ póǹtì márùndínlọ́gọ́rin. Dàpọ̀ jẹ́ ogún. Ó ku márùn-ún. Uncle Lásún, tí àdéhùn wọn parí ní sáà náà, jẹ́ méjìlélógún.

Mo ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mẹrin, bóyá á yí padà. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni Uncle, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbá, orúnkún òsì wọn ò sì gbà fún wọn mọ́. Tí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, Dàpọ̀ á lọ sí Kennington, a ó sì tún gbẹ́yìn. Tí mo bá ní kí wọ́n gba póǹtì márùn-ún, mo fẹ́ sọ fún ẹni tó fi orí mi sábẹ́ òrùlé pé iye rẹ̀ nìyẹn lójú mi. Ẹ̀rù bà mí pé màá pàdánù bàbá kan ṣoṣo tí mo ní nílùú yìí.

Mo pe Màámi láàárín ìsinmi ọ̀sán, lórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìwòsàn.

"Ṣé bàbá tó gbà ọ́ sílé nígbà tó o dé náà ni?"

"Àwọn ni, Màámi."

"Kó o wá la ẹnu ẹ kó o sọ fún un pé agbára ẹ̀ ti dínkù? Háà! Ta ló kọ́ ẹ ní ìyẹn? Wá ẹni rán. Torí irú ọ̀rọ̀ báyìí la ṣe ń ní alárinà."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, bí wọ́n ṣe tọ́ mi náà nìyẹn. Mo rán Káyọ̀dé, igbákejì mi. Ó ń tún fóònù ṣe ní Rye Lane, ẹnu rẹ̀ sì dùn débi pé ó lè ta fóònù tó ti fọ́ fún ẹni tó fọ́ ọ. Mo ra iṣu méjì àti páálí mọ́ọ̀tì kan pé kó gbé e lọ fún Uncle, mo kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó máa sọ. Ó padà wá ní ìrọ̀lẹ́, ó ń fọwọ́ pa ikùn.

"Wọ́n gbà," ó ní. "No wahala. Wọ́n tún gbàdúrà fún ẹ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì kọ márùn-ún síwájú orúkọ Uncle Lásún.

Ọ̀sán Sátidé la ṣe yíyàn náà, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ti jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí rí. Olùṣọ́àgùntàn wọn ń gbá bọ́ọ̀lù fún Brixton, òun ló yá wa ní àyè. Ó tó ogójì ọkùnrin tó jókòó sórí àga oníke. Alhaji wà níwájú pẹ̀lú ìwé wọn. Wọ́n ka tiwa jáde, wọ́n dé orí orúkọ Uncle, wọ́n yọ awò ojú wọn.

"Lásún, wọ́n kọ póǹtì márùn-ún síbí. Ṣé ìwọ lo gbà bẹ́ẹ̀?"

Uncle Lásún rọra dìde. "Póǹtì márùn-ún ti ta ni?"

Mo wo Káyọ̀dé. Káyọ̀dé ń wo àjà.

"Kí lo sọ fún wọn?" mo bi í.

"Mo kí wọn," ó ní. "Mo ní manager dúpẹ́ gbogbo oore wọn. Mo ní ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ ní sáà yìí, kí wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbà. Aunty wá gbé ẹ̀bà kalẹ̀ o. Bros, òkèlè wà lẹ́nu mi! Báwo ni mo ṣe máa fi ẹnu yẹn sọ five points?"

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo lọ síwájú Uncle, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde," wọ́n wí. "Alhaji, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ níta."

A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Ta ló ní kó o rán ẹnì kan sí mi?"

"Màámi ni, sà. Ẹ má bínú. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni."

"Màmá ẹ ò mọ̀ mí. Ìwọ mọ̀ mí." Wọn ò pariwo, ìyẹn ló sì burú jù. "Ọ̀sẹ̀ méje lo fi sùn ní parlour mi. Kọ́kọ́rọ́ ilé mi wà lọ́wọ́ ẹ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Àna lèèyàn ń rán alárinà sí. Àlejò ló ń gbé iṣu wá kó tó sọ̀rọ̀. Ọmọ ilé á ṣílẹ̀kùn, á wọlé, á sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. O rí mi lójú láti 2 o'clock, o ò sọ nǹkan kan. O wá fi mí ṣe àjèjì níwájú ogójì èèyàn."

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí ni mo ti ń ráhùn pé wọ́n ń fi mí ṣe àlejò. Èmi fúnra mi ni mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé kan ṣoṣo tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ fún mi.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Wàyí o, sọ ọ́. Ṣe ìṣirò ẹ̀ fún mi, bó o ṣe máa ń ṣe é fún àwọn ọmọ ẹ."

Mo nàró. Mo wo ojú wọn, ohun tí mi ò ṣe rí.

"Uncle, ogún góòlù ni wọ́n gbá wọlé wa. Mọ́kànlá nínú ẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá. Orúnkún yín ò yí mọ́, ẹni tó bá yára tó Dàpọ̀ á fi yín sílẹ̀. Tí mo bá san méjìlélógún fún yín, mi ò ní í rí Dàpọ̀ mú. Iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe fún Peckham, kò sẹ́ni tó lè kà á tán. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àná ni. Five ni mo ní, sà. Mi ò lè fi ẹyọ kan lé e."

Omi ń bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n ohùn mi ò gbọ̀n. Uncle wo inú òjò.

"Irọ́ kọ́," wọ́n wí. "Ó dùn mí o, má rò pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n irọ́ kọ́."

Wọ́n wọlé, mo tẹ̀ lé wọn. Mo ti rò pé wọ́n máa gbà. Wọ́n dúró síwájú Alhaji.

"Mi ò gbà á. Márùn-ún kéré fún mi. Ẹ gbé mi lé orí àtẹ, kí n mọ iye tí mo jẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí Dàpọ̀ mú. Gbogbo àwọn Peckham ń pàtẹ́wọ́, mi ò gbọ́ ìkankan. Nígbà tó kan Uncle Lásún, mo ké márùn-ún kíá. Kennington ní mẹ́fà. Alhaji wò mí. Mo ṣí ìwé mi bí ẹni pé póǹtì lè hù nínú rẹ̀, mo sì pa á dé. Uncle gbé àga wọn, wọ́n lọ jókòó sáàárín àwọn Kennington, orí wọn sókè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, wọn ò pè mí. Mo dé ẹnu ọ̀nà wọn lẹ́ẹ̀mejì, àwọn àti Aunty ò sí nílé, mi ò sì láyà láti lo kọ́kọ́rọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màámi.

"O ò sọ fún mi pé ó fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀," wọ́n ní. "Mo rò pé ilé àlejò lo sùn ni. Èmi ni mo kọ́ ẹ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Bá mi bẹ̀ ẹ́."

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ nínú sáà tuntun, Peckham àti Kennington ni. Dàpọ̀ gbá méjì wọlé kí wọ́n tó sinmi, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ Uncle Lásún kọjá lẹ́ẹ̀mejèèjì. Mo fò sókè fún ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì, mo jókòó, inú mi dùn, ó sì tún bàjẹ́. Nígbà tó ku díẹ̀ kó parí, Kennington gba kọ́nà. Uncle rìn bọ̀ láti ẹ̀yìn, wọn ò sáré, wọ́n dúró sáàárín àwọn ọmọ tí wọ́n lè bí, wọ́n gbéra, wọ́n sì fi orí kan bọ́ọ̀lù náà sínú àwọ̀n wa. Àwọn Peckham gan-an pàtẹ́wọ́. A borí, méjì sí ọ̀kan.

Lẹ́yìn tí wọ́n fọn fèrè, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, mi ò mọ̀ bóyá kí n lọ bá wọn tàbí kí n dúró. Àwọn ni wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ń tiro díẹ̀, òógùn bò wọ́n.

"O ò ka header mi mọ́ ìṣirò ẹ," wọ́n ní.

"Mo gbàgbé ẹ̀, sà."

"Kó o kọ ọ́ sílẹ̀." Wọn ò wò mí, wọ́n kàn na báàgì wọn sí mi, mo sì gbà á. Mánéjà Kennington sáré dé, ó ní, "Uncle, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e, ọkọ̀ wà níbí."

"Fi í lẹ̀," ni wọ́n wí. "Ọmọ mi ti gbé e."

Báàgì náà wúwo, bàtà tó kún fún ẹrẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo gbé e dé ilé.